Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè dá wọn dúró kí wọ́n má gbé iṣẹ́ kúrò ní pláǹtì lẹ́tà wa?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ti di ọdún 14 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kíláàkì lóru ní pláǹtì tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ní ìlú wa ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀gá lẹ ìwé mọ́ pátákó pé wọ́n fẹ́ kó lẹ́tà tó ń jáde láti àgbègbè wa lọ sí pláǹtì ńlá kan tó fi ju 150 máìlì jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní kí gbogbo wa jáde wá sí ìpàdé ìtagbangba. Ọkọ mi ní ariwo lásán ni, pé ẹgbẹ́ tí òfin kò gbà láyè kí ó yanṣẹ́ lódì kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, àti pé kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà mọ́. Ṣé òótọ́ ni ó sọ? Ṣé wọn yóò dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́? Bí mo bá sì lọ sí ìpàdé náà, kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bí ọdún 14 yín bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà pátápátá, tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, wọn kò lè dá yín dúró nítorí pé wọ́n gbé iṣẹ́ kúrò ní pláǹtì yín. Ní ti ẹgbẹ́, ó ti dá irú ètò báyìí dúró rí, ó ti fà á sẹ́yìn rí, ó sì ti kùnà rí pẹ̀lú. Nínú gbogbo èyí tí mo ti tọ̀ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe bí ariwo ṣe pọ̀ tó ni ó ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bóyá àwọn ará ìlú gbà pé lẹ́tà tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti bóyá ẹgbẹ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí àwọn ọ̀gá kò lè já ní koro. Nítorí náà mo rọ̀ yín kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí pláǹtì ń ṣe fún àwọn òǹkàwé wa tó kù, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ìjà náà wà. Àwa tí a dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, inú àpótí onínọ́ńbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ti ń lọ mú lẹ́tà, ẹni tí kò bá sì ní àpótí a máa gba tirẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Amẹ́ríkà, àdírẹ́sì tí Iléeṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ wọn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí USPS, ń gbé lẹ́tà lọ ju 160 mílíọ̀nù lọ, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni òfin sì ní kí wọ́n máa gbé e. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí oníbàárà ń wọ̀ láti ra sìtáǹbù kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣa lẹ́tà wọ̀nyí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ a kó gbogbo ohun tí wọ́n jù sínú àpótí búlúù ẹ̀bá òpópónà àti èyí tí àwọn apínlẹ́tà gbà lọ́wọ́ oníbàárà, a sì gbé e lọ sí pláǹtì. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ti ń yí gbogbo lẹ́tà kọjú sí ọ̀nà kan náà tí ó sì ń tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ lé sìtáǹbù lórí. Ẹ̀rọ mìíràn a ka àdírẹ́sì, a tẹ àmì onílà sí i lára. Èyí tó tẹ̀lé e a sì ṣa á, ó lè ṣa ju 30,000 lọ láàárín wákàtí kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́tà tí ó jẹ́ ti ìlú náà fúnra rẹ̀ ti tò gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe tò ní òpópónà, tí apínlẹ́tà yóò kàn gbé e sínú ọkọ̀ tí yóò sì máa lọ.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: lẹ́tà tó ń jáde láti àgbègbè yín, tí a ń ṣa ní ìrọ̀lẹ́ sí àṣálẹ́, àti lẹ́tà tó ń wọlé sí àgbègbè yín, tí a ń ṣa ní òru sí ìdájí. Ohun tí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ń sọ ni pé wọ́n fẹ́ gbé apá àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi máa ń sọ ní ìpàdé pé àwọn kò ti pláǹtì kankan, pé ńṣe ni àwọn ń sọ ọ́ di ibùdó kékeré ti àgbègbè, àti pé àwọn tilẹ̀ fẹ́ ná owó láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí bẹ́ẹ̀, bí ẹgbẹ́ yín bá kọ "Ẹ má ti pláǹtì wa" sí ara pátákó, ọ̀gá yóò dìde, yóò ní kò sí ẹni tó fẹ́ tì í, ìpàdé yóò sì ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni ibi tí lẹ́tà tí ará ìlú yín kọ sí ará ìlú yín yóò gbà kó tó dé.

Ẹ wo Medford ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oregon. Ní ọdún 2024, USPS gbé iṣẹ́ ṣíṣa lẹ́tà tó ń jáde níbẹ̀ lọ sí Portland, tí ó tó 270 máìlì sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ ní Medford yóò jẹ́ kí káàdì náà wọ tírélà lọ sí Portland, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e níbẹ̀, kí wọ́n ṣa á, kí ó sì tún wọ tírélà padà sílé. Ó lé ní 500 máìlì ní àlọ àti àbọ̀. Ará ìlú tí kò bìkítà rárá nípa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá yóò gbọ́ èyí, ẹnu yóò sì yà á.

Òǹtẹ̀ yẹn tilẹ̀ wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Pláǹtì ni a ti ń tẹ òǹtẹ̀ sí ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ́tà, ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ sì lè má jẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà fi lẹ́tà sílẹ̀. USPS fúnra rẹ̀ fi èyí sínú ìlànà rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Owó orí ìjọba, ẹjọ́ kóòtù àti, ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ìwé ìdìbò tí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni a ń fi òǹtẹ̀ yìí ṣe ẹ̀rí pé kò pẹ́. Bí pláǹtì bá ṣe ń jìnnà sí oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì ń fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín sọ nípa ìyanṣẹ́lódì, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Síbẹ̀ wọ́n yàn án lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1970, àwọn apínlẹ́tà ìlú New York da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun; ó tàn kálẹ̀ títí àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn fi ju 200,000 lọ, ó sì gba ọjọ́ mẹ́jọ. Ààrẹ Nixon kó ọmọ ogun wọ New York pé kí wọ́n wá ṣa lẹ́tà, wọn kò sì mọ̀ ọ́n ṣà. Láti inú ìjà yẹn ni òfin ọdún 1970 ti jáde, èyí tó sọ ilé ìfìwéránṣẹ́ di àjọ tó dá dúró, tó sì fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti jókòó dúnàádúrà lórí owó àti ipò iṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kò, onílàjà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ gé ni yóò pinnu. Ṣùgbọ́n òfin tó ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1971, ẹgbẹ́ márùn-ún parapọ̀ di American Postal Workers Union, APWU, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀yin kíláàkì, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe àti àwọn awakọ̀. Àwọn tó ń gbé àpò àti àpótí lẹ́tà nínú pláǹtì ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn apínlẹ́tà náà sì ní tiwọn.

Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ yín àti USPS jọ tọwọ́ bọ̀ kò fún ẹgbẹ́ lágbára láti pinnu ibi tí ẹ̀rọ yóò wà. Abala 3 rẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ohun tí ó fún yín wà ní Abala 6 àti Abala 12. Abala 6 ni ó sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún mẹ́fà ti ní ààbò, pé a kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé iṣẹ́ kù. Ìdí nìyí tí mo fi fi yín lọ́kàn balẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Abala 12 ni ó sọ bí wọn yóò ṣe gbé òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù lọ síbòmíràn: wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ẹgbẹ́ àti òṣìṣẹ́ létí ṣáájú, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ kúrò, ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ ní ẹ̀tọ́ láti padà bí àyè bá ṣí sílẹ̀ ní ibi tó ti kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní irú ààbò yìí, àwọn sì ni ó máa ń kọ́kọ́ bá a lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé wọn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí ẹ̀rù ń bà láti ya ẹnu wọn.

Ẹ kíyè sí i pé owó oṣù ni Abala 6 ń dáàbò bò. Kò sọ pé ilé tí ẹ rà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín, iṣẹ́ ọkọ yín àti ṣọ́ọ̀ṣì yín yóò bá yín lọ sí ibi tó jìnnà tó 150 máìlì. Mo ti bá àwọn tó rí i sọ̀rọ̀: ẹni tó ń wa ọkọ̀ wákàtí méjì lọ, wákàtí méjì bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé. Ìyà ni. Kò sì sí bí ẹgbẹ́ ṣe lè fi ìwé àdéhùn nìkan yẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọwọ́ ẹgbẹ́ kò tó yìí ni ọwọ́ ará ìlú ti wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òfin fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ tí kò fún òṣìṣẹ́, àmọ́ ẹ ní láti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí USPS bá fẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ tí oníbàárà ń wọ̀, ó gbọ́dọ̀ kéde fún ọjọ́ 60, oníbàárà sì lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Postal Regulatory Commission, àjọ tí òfin yàn láti máa mójú tó o. Pláǹtì kò sí lábẹ́ ìlànà yẹn. Ohun tí òfin ọdún 2006 béèrè lórí pláǹtì ni pé kí wọ́n kéde, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Ìpàdé tí wọ́n pè yín sí ni ìgbọ́hùn náà. Bí àyípadà bá sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè, USPS gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àjọ yẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Ní òpin oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ náà kọ ìmọ̀ràn tó le gan-an lórí ètò USPS, ó ní yóò pa àwọn agbègbè oko lára ju àwọn ìlú ńlá lọ. USPS gba ìwé ìmọ̀ràn náà sọ́wọ́, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà.

Ètò yẹn kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ a máa dé ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: ní òwúrọ̀ láti já lẹ́tà sílẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ láti kó èyí tí oníbàárà mú wá. Nísinsìnyí, ilé ìfìwéránṣẹ́ tó bá fi ju 50 máìlì jìnnà sí pláǹtì ńlá ti agbègbè, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í sábà dé ibẹ̀ mọ́. Lẹ́tà yóò sùn mọ́jú, ọkọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò gbé e. Wọ́n fi ọjọ́ kan kún àkókò tí wọ́n ṣèlérí fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbé pláǹtì tó wà nítòsí kúrò, ìlú tó bọ́ sí ẹ̀yìn 50 máìlì yóò pọ̀ sí i. Èmi ò rí i pé kíkó ẹrù jọ sí ibùdó ńlá kan burú fúnra rẹ̀. Páálí kò dà bíi lẹ́tà, ó nílò ilé tó fẹ̀. Ohun tó burú lójú mi ni pé wọ́n mú pláǹtì jìnnà, wọ́n sì dín ọkọ̀ kù lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n wá ń pe àdánù oníbàárà ní owó tí wọ́n fi pamọ́.

Lórí owó yìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà, n kò sì mọ ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ kan kì í fi mú un dé ìpàdé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, USPS kéde pé òun ń yẹ ju 250 lọ wò nínú àwọn pláǹtì rẹ̀ bóyá kí òun tì wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìde, àwọn sẹ́nétọ̀ dá sí i, wọ́n sì dá ọwọ́ títì náà dúró títí di àárín oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, òṣìṣẹ́ àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì mẹ́wàá gbààwẹ̀ ní Washington láti fi han àwọn aṣòfin pé òfin tiwọn ni ó ń jẹ USPS run. Síbẹ̀ wọ́n pa nǹkan bíi 140 pláǹtì pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n mú ìlànà pé lẹ́tà tó wà láàárín ìlú yóò dé ní ọjọ́ kejì kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ ìyókù dúró ní oṣù Karùn-ún. Ní ọdún 2018, olùbẹ̀wò àgbà USPS, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, yẹ ìwé wò: USPS ti ṣírò pé ìpele kejì yẹn yóò fi $1.61 bílíọ̀nù pamọ́ láàárín ọdún méjì, ohun tó rí fi pamọ́ sì jẹ́ $91 mílíọ̀nù, kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀gá bá dìde ní ìpàdé yín tó sọ iye tí wọn yóò fi pamọ́ lọ́dún, ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́ pé kí ni ó mú kí ìṣirò ti ìsinsìnyí yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn.

Ètò tó wà lórí yín lónìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021 lábẹ́ Pósímásítà Àgbà Louis DeJoy, tó ní yóò gba ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ṣí ibùdó ńlá àkọ́kọ́ ní Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọdún 2023, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n ṣí ti Atlanta ní oṣù Kejì ọdún 2024. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹrin, Sẹ́nétọ̀ Jon Ossoff ka iye rẹ̀ sí etí DeJoy níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì: lẹ́tà tó ń wọ àgbègbè náà, ìdá 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé lásìkò. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn sẹ́nétọ̀ láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì kọ̀wé sí i, ó sì dá ọwọ́ gbígbé iṣẹ́ kúrò ní àwọn pláǹtì tó kù dúró títí ọdún yẹn fi parí.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù ni Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Wọ́n fẹ́ kó lẹ́tà tó ń jáde níbẹ̀ lọ sí ẹ̀bá Sacramento ní California, nǹkan bí 130 máìlì. Lórí àwòrán ilẹ̀, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n òkè Sierra Nevada ló wà láàárín méjèèjì, ọ̀nà tó gba Donner Pass sì ni tírélà yóò gbà. Gbogbo ará Reno ló mọ̀ pé yìnyín máa ń ti ọ̀nà yẹn nígbà òtútù. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́, àwọn oníṣòwò sọ ọ́, àwọn sẹ́nétọ̀ wọn méjèèjì tí wọ́n jẹ́ Dẹ́mókráàtì sọ ọ́, aṣojú wọn Mark Amodei tí ó jẹ́ Rìpọ́blíkà náà sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, USPS yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó ní iṣẹ́ náà yóò dúró sí Reno. Kò sí ẹni tó yanṣẹ́ lódì níbẹ̀. Òkè náà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, àwọn méjèèjì tó máa ń bá ara wọn jà nínú òṣèlú sì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ni Donner Pass ti ìlú yín? Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ odò tó máa ń kún, tàbí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun-fẹ̀yìntì tó wà ní àgbègbè yín: nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí àjọ tó ń tọ́jú wọn ń kọ fún wọn ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé lọ, bàbá arúgbó tó ń retí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì lè gba íntánẹ́ẹ̀tì lò ó. Ó lè jẹ́ ìwé ìròyìn ìlú tí ó máa ń dé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí òun fúnra rẹ̀ dìde sọ ọ́ níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu oníṣègùn tàbí àgbẹ̀ a máa wúwo ju ti ogún òṣìṣẹ́ tó wọ ẹ̀wù kan náà lọ, nítorí àwọn ọ̀gá ti pinnu ṣáájú pé iṣẹ́ tiyín ni ẹ ń gbèjà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ yín kò tó gbèjà. Ó tó o, ẹ sì sọ ọ́ láìtijú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ṣáájú.

Ọkọ yín ní kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà mọ́. Ẹ má jà á níyàn lórí ìyẹn, nítorí iye wà lẹ́yìn rẹ̀: lẹ́tà onípò kìíní tí USPS gbé ní ọdún 2001 ju 103 bílíọ̀nù lọ, ní ọdún 2024 ó ti wá sí nǹkan bíi 44 bílíọ̀nù. Àdánù wọn ní ọdún 2024 jẹ́ $9.5 bílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ owó sìtáǹbù àti páálí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe owó orí. Ẹgbẹ́ tó bá sẹ́ èyí yóò pàdánù etí àwọn olóòótọ́ tó wà nínú yàrá. Ohun tí ẹ lè fi kún un ni pé gbèsè ìgbà pípẹ́ náà kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Òfin ọdún 2006 ní kí USPS máa fi nǹkan bíi $5.5 bílíọ̀nù pamọ́ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò fẹ̀yìn tì, ẹrù tí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn kò rù, títí òfin oṣù Kẹrin ọdún 2022 fi gbé e kúrò lórí wọn. Bákan náà, lẹ́tà tó kù kì í ṣe lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ìwé owó ni, sọ̀wédowó ni, ìwé kóòtù ni, oògùn ni. Lẹ́tà dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó kù ni èyí tí ìpẹ́ ń pa lára jù. Òfin USPS fúnra rẹ̀ ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ tó yanrantí fún àwọn agbègbè oko àti ìlú kéékèèké, títí kan ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ti lè pa owó tó tó ara rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí ẹ ti béèrè ohun tí ẹ ó ṣe gan-an. Wọ́n máa ń gbé àbájáde àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ìpàdé tó wáyé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú aṣojú ẹgbẹ́ yín. Ẹ wo bóyá wọ́n ka epo ọkọ̀ àti owó àfikún wákàtí mọ́ ọn, ẹ wo aago tí tírélà yóò kúrò ní ìlú yín, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn: bí ọkọ̀ bá gbọ́dọ̀ kúrò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó lè dé pláǹtì ńlá lásìkò, oníṣòwò tó ń parí ìwé owó rẹ̀ ní aago márùn-ún ti pàdánù ọjọ́ kan. Irú èyí ni ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú pláǹtì fún ọdún 14 lè rí, tí agbẹjọ́rò kò lè rí. Ẹ lọ nígbà tí ẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má mú ìwé inú iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé jáde, ẹ má sọ ohun tí ẹ rí lára lẹ́tà oníbàárà kankan, ẹ má sì wọ aṣọ iṣẹ́ polongo fún olùdíje kankan, nítorí òfin mìíràn wà lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, ìwé ni wọ́n ń kó sínú fáìlì. Ọjọ́ 15 lẹ́yìn ìpàdé ni wọ́n sábà máa fi ń gba ìwé lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ kọ tiyín ní ojú ewé kan, ẹ ní kí dókítà yín, olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín àti oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí yín kọ tiwọn, kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì lọ sí ọ́fíìsì àwọn sẹ́nétọ̀ yín méjèèjì àti aṣojú yín, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n wà. Lákòókò kan náà, ẹ lọ wo ìwé tí ẹgbẹ́ máa ń lẹ̀, èyí tó to òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dé ẹnu iṣẹ́, kí ẹ rí i dájú pé ọjọ́ tí wọ́n gbà yín wà níbẹ̀ láìsí àṣìṣe. Bí ó bá wá di pé wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ, ọjọ́ yẹn ni yóò pinnu ẹni tí yóò dúró sí ìlú àti ẹni tí yóò lọ, ó sì rọrùn láti tún un ṣe nísinsìnyí ju ìgbà tí wọ́n bá ti ń pín ènìyàn kiri lọ.